Ibi Tí "Fi Pamọ́" Ń Gbé Wa Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òpùrọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun míì, torí ojú mi kòrókòró báyìí ni wọ́n ṣe pè é ní òpùrọ́, tí mi ò sì lè ṣe ju kí n máa wò, kí inú mi máa hó.

Ilé iṣẹ́ kan náà la jọ ń bá ṣiṣẹ́. Ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ohun tí aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ ò pé ń lò la sì ń tà: ọ̀pá tí wọ́n ń fi sábẹ́ abíyá rìn, àga onítáyà, bẹ́líìtì ẹ̀yìn, bàtà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà lè wọ̀. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì mẹ́sàn-án, kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án, yàrá onígíláàsì ọ̀gá wà lápá kan, ilé ìkẹ́rùsí wà lẹ́yìn. Èmi ni mo ń kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Àǹtí, títí kan ọ̀gá tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ló wà nídìí ìpààrọ̀. Bí ọjà bá dé ọwọ́ ẹnì kan tí kò bá a mu, onítọ̀hún á kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí a bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Àǹtí á ka ohun tó kọ, á gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀. Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ náà, òun náà ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ibẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bọ́tìnnì yẹn, torí ìdí ẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà wa ti gbó. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, lápá ọ̀tún, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n kọ "Fi pamọ́" sí lára. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè gbọ́, ó sì lè máà gbọ́. Bí kò bá gbọ́ tí o sì kúrò níbẹ̀, gbogbo ohun tí o ṣe ti dàwátì nìyẹn. Nítorí náà, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Àǹtí ti sọ fún mi pé èyí àkọ́kọ́ la fi ń jí i, èkejì la fi ń rán an níṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́, mí lẹ́ẹ̀kan, tún un tẹ̀. Bí àlejò bá wọ yàrá wa, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn: kọ́, á dákẹ́ díẹ̀, kọ́. Kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Bí èkíní bá ti gbọ́, sọ́fítíwíà á ti gbé ọ padà sí àtòjọ, níbi tí gbogbo fọ́ọ̀mù tò sí láti òkè délẹ̀, títẹ̀ kejì á wá bọ́ sórí funfun lásán tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkùnrin kan wọlé tọ̀ wá. Oníbàárà kì í wá bá wa, nítorí náà gbogbo wa gbójú sókè. Ó gbé ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì dání, ó sì béèrè ẹni tó wà nídìí ìpààrọ̀. Wọ́n nawọ́ sí Àǹtí. Ó lọ bá a, ó sì gbé ọ̀pá náà dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ fi èyí ránṣẹ́ sí."

Ọ̀pá àgbàlagbà ni. Kò sí bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe máa fi sábẹ́ abíyá àfi tó bá gun orí àpótí.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé pé kí ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo wọn ọmọ náà, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ̀ fún mi, ẹ ò sì sọ ìdí. Láti ìgbà yẹn, ògiri lọmọ mi ń dì mú rìn. Ṣé ẹ tilẹ̀ ka ohun tí mo kọ?"

Àǹtí dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mi ò rí ìwé yín rí. Ká ní mo rí i ni, mi ò ní kọ̀ ọ́."

Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọ̀pá náà nílẹ̀, ó wọ ilé ìkẹ́rùsí, ó mú ti ọmọdé jáde, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó rí i pé ó dúró dáadáa, ó sì fi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dúpẹ́, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe jáde báyìí ni ọ̀gá jáde láti inú yàrá onígíláàsì rẹ̀.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ oníbàárà náà sínú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè méjèèjì wà níbẹ̀. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ "Kọ̀", orúkọ Àǹtí wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀. Ọ̀gá ò dúró síbẹ̀. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ohun tí Àǹtí ti kọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í kọ̀ ju mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀, ti kọ igba ó lé mẹ́tàlá.

"Àǹtí," ni ọ̀gá wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kékeré wí, "ẹ sọ pé ẹ ò rí i. Orúkọ yín nìyí. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

"Ọ̀gá, èmi náà kì í parọ́."

"Á jẹ́ pé ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń parọ́, kọ̀ǹpútà sì kọ́."

Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wa. Ọkùnrin yìí kan náà ló dúró sáàárín yàrá lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, tó ń yin Àǹtí. Ó ní kí a wo Àǹtí, pé ìbéèrè ogójì lóòjọ́, ó ti ń parí rẹ̀ kí a tó lọ jẹun ọ̀sán, kí àwa ọ̀dọ́ lọ kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Àǹtí tilẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó ní òun náà ò mọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá òun lọ́wọ́ báyìí.

Lọ́jọ́rú, ọ̀gá fún un ní lẹ́tà. Mo kà á títí mo fi há a sórí. "Mo gbà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìbéèrè àwọn oníbàárà láì kà á, kí iṣẹ́ mi lè tètè parí." Bó bá fọwọ́ sí i kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù, wọ́n á jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á lé e, wọ́n á sì máa sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Ẹ sọ fún mi, èwo ló dáa nínú méjèèjì? Ta ló máa gba ẹni tó kọ̀ fún ọmọ arọ torí kó lè tètè lọ jẹun? Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára débi pé mi ò lè jókòó. Mo ní kí n lọ bá ọ̀gá kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún un, Àǹtí di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

Ilé kan náà là ń gbé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá, mo ń bú ọ̀gá, mo ń bú ìyá tó bí ọ̀gá. Àǹtí jẹ́ kí n bú u tán.

Ó wá ní, "Bóyá mo kọ̀ wọ́n lóòótọ́."

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Bóyá ojú mi ti ń ṣe mí. Bóyá mò ń kà á tí mo sì ń gbàgbé pé mo kà á. Ìyá wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan nígbà tó kù díẹ̀ kó tó ẹni àádọ́ta ọdún."

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mí tó. Kí wọ́n lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, ó burú. Kí wọ́n wá jẹ́ kó máa ṣiyèméjì nípa orí ara rẹ̀, ìyẹn gan-an ló mú kí ojú mi pọ́n. Mo sọ fún un pé kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan, pé tó bá dọ̀la màá jókòó tì í, màá sì máa wo gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo fa àga mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kó ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é. Ó ṣí ìbéèrè kan, èyí àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ kàn látìgbà tí ọ̀gá ti pè é ní òpùrọ́. Obìnrin kan ni, bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí a fi ránṣẹ́ sí i kéré jù. Àǹtí kà á láti òkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Bí fọ́ọ̀mù bá ti ṣí, àmì ti máa ń wà lórí "Kọ̀" fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì gba ohun tí kò yẹ. Àǹtí mú àmì náà kúrò lórí "Kọ̀", ó gbé e sórí "Gbà". Ó tẹ "Fi pamọ́". Ó mí. Ó tún un tẹ̀. Fọ́ọ̀mù mìíràn ti wà lójú kọ̀ǹpútà, ti ọkùnrin kan tí àga onítáyà rẹ̀ ń ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ dúró. Orúkọ kan kọjá."

"Orúkọ wo?"

"Láàárín obìnrin yẹn àti ọkùnrin yìí. Orúkọ kan yọ, kò pẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì lọ."

A padà sí àtòjọ. Obìnrin onírora ẹ̀yìn wà níbẹ̀, a ti gbà fún un. Ọkùnrin onítáyà wà níbẹ̀, a ò tíì dá a lóhùn. Láàárín wọn, ìyá arúgbó kan wà tó ní bàtà òun ń bó òun lẹ́sẹ̀. "Kọ̀." Orúkọ Àǹtí. Ìṣẹ́jú tí a wà nínú rẹ̀ yẹn gan-an ni aago tó wà níbẹ̀.

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá wa lójú, lẹ́yìn náà a ṣí ti ìyá arúgbó yẹn àti èkejì tó bá a lọ, a gbà á fún wọn. Ó ti wá yé wa. Bí a bá tẹ "Fi pamọ́" báyìí, kì í gbé wa padà sí àtòjọ mọ́. Ó ń gbé wa lọ tààrà sínú fọ́ọ̀mù ẹni tó kàn, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé fọ́ọ̀mù yẹn sì wà lójú ibi tí ọwọ́ wa wà gẹ́lẹ́. Títẹ̀ kejì, tó máa ń bọ́ sórí funfun lásán, ti wá ń bọ́ sórí "Fi pamọ́" ẹni ẹlẹ́ni, "Kọ̀" sì ti wà níbẹ̀ kí a tó dé. Bí Àǹtí bá ka ẹnì kan, ó ń fo ẹnì kan. Ìdí tí iṣẹ́ fi ń yá a lọ́wọ́ nìyẹn.

Àǹtí gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórí máòsì, ó gbé e lé itan, ó ń wò ó.

Èmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Injiníà kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Injiníà ni ọkùnrin tó ń tún sọ́fítíwíà wa ṣe. Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni tirẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jáde. Mi ò kí i.

"Ta ló ní kí o yí ibi tí 'Fi pamọ́' ń gbé wa lọ?"

Ó yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo yí i. Kí ló ṣe é?"

"Mo ní ta ló ní kí o yí i?"

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá ojú ìwé kan jáde, ó yí i sí mi. Àwọn nǹkan tí òṣìṣẹ́ ní kó bá wọn tún ṣe ló tò síbẹ̀. Ó fi ìka sí ọ̀kan. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀.

Mo rántí. Mo rántí rẹ̀ títí kan ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ ìpàdé tí wọ́n ti bi wá ní ohun tí a fẹ́ kí Injiníà tún ṣe. Èmi ni mo na ọwọ́ sókè. Èmi ni mo sọ pé bí mo bá ti parí ọjà kan, kí sọ́fítíwíà yé gbé mi padà sí àtòjọ, kó máa gbé mi lọ sí ọjà tó kàn, torí àti máa wá ibi tí mo dé ń gbà mí lákòókò. Àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, àmọ́ ọjà tí mo bá ṣèèṣì fi pamọ́ láì fọwọ́ kàn án, bó ṣe wà ló ṣe máa wà, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Bí mi ò ṣe mọ nǹkan kan nìyẹn.

"Ti ọjà ni mo sọ," ni mo wí. Ohùn mi ti lọ sílẹ̀. "Mi ò sọ ti ìpààrọ̀."

"Mo mọ̀. Ibì kan náà ló ti ń darí gbogbo fọ́ọ̀mù. Tí mo bá ya ti ọjà sọ́tọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Tí mo bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlà kan ni."

"O ò sì sọ fún wa."

"Mo kọ ọ́ síbi tí mo ń kọ àtúnṣe sí."

"Ta ló ń kà á níbẹ̀?"

Ó ronú sí i tọkàntọkàn. Ó ní, "Èmi ni."

Ká ní kì í ṣe orúkọ mi ló wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn ni, ǹ bá gbá a létí. Ó ń gbé ọwọ́ lọ láti tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, mo ní kó má fọwọ́ kàn án, pé kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀la, kí ọ̀gá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mo jáde, mo sì lọ dúró sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó kéré tán kí ẹnì kan sọ ọ́ nínú ilé iṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni mí. Ìparí oṣù ni wọ́n fẹ́ fún mi ní lẹ́tà pé mo ti di ti ilé iṣẹ́ pátápátá. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rò ó pé mo lè sọ ìdajì: Injiníà ló yí i, òun ni kò sọ fún wa. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi rò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣì ń tì mí lójú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí a délé, Àǹtí ń lọ aṣọ. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró.

Kò gbójú sókè. "Ìwọ lo ní kí wọ́n yí i?"

"Èmi ni."

"Kí iṣẹ́ rẹ lè tètè parí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Ó lọ ọwọ́ aṣọ náà tán, ó yí i padà, ó lọ èkejì. Ó ní, "O ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Àmọ́ ó dùn mí, mi ò ní tàn ẹ́." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún ní, "Ìwọ ni kó sọ ọ́ lọ́la, níwájú gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wọ́n á ní mò ń wá ẹni tí màá ti ẹ̀bi sí lọ́rùn." Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ọ̀gá gbé lẹ́tà náà jáde pẹ̀lú bírò, ó wá bá Àǹtí nídìí tábìlì rẹ̀. Mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ọ́ sókè: títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fọ́ọ̀mù tó ń fò, èmi tí mo béèrè fún un, Injiníà tó ṣe é fún gbogbo fọ́ọ̀mù, àmì "Kọ̀" tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní kó máa wà níbẹ̀.

Ọ̀gá gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ ti jọ pàdé pọ̀ nílé lánàá nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ bi Injiníà, sà."

Injiníà, tí mo ti fà jáde láti inú yàrá rẹ̀, ní òótọ́ ni.

Ọ̀gá ní, "Kódà bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló ní kí ẹnikẹ́ni máa tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì? Àgbàlagbà tó bá mọ ohun tó ń ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ló ń tẹ nǹkan. Ó sì ti di ohun tí màá rántí ní ìparí oṣù, ìwọ tí o béèrè fún un."

Ó ti sọ ọ́. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ó dáa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ bá wa dá ẹnì kan péré lóhùn. Ẹyọ kan."

Ó fẹ́ kọ̀, àmọ́ gbogbo yàrá ló ń wò ó. Ó jókòó sórí àga Àǹtí. Ó ní òun ò ní fi orúkọ ẹlòmíì ṣiṣẹ́, ó pa ti Àǹtí, ó fi orúkọ tirẹ̀ wọlé. Ó ṣí ìbéèrè kan, ó kà á sókè bí ẹni ń ka ìwé fún kíláàsì: ọkùnrin kan, ìrọ̀rí tí wọ́n fi ń gbé ọrùn, àwọ̀ rẹ̀ ti ya. Ó ní, "Ẹ rí i? Kíkà ni mo kà á yìí." Ó gbé àmì sórí "Gbà". Ó tẹ "Fi pamọ́".

Kọ́. Ó mí. Kọ́.

Kò mọ̀ pé òun ṣe é. Ẹ̀yìn àga ló fara tì, ó ń wò wá bí ẹni tó ti borí. Ó ti lo ọdún mẹ́fà nínú yàrá yẹn, níbo ni kó ti kọ́ àti máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan? Akọ̀wé kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo ní, "Ẹ padà sí àtòjọ, sà."

Ó padà síbẹ̀. Ìyá ọmọ kan ló wà níbẹ̀, tó kọ̀wé pé táyà àga ọmọ òun ń yọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. "Kọ̀." Orúkọ ọ̀gá ló wà níwájú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé, ó tún ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. Mo rí i tí etí rẹ̀ pọ́n.

"Injiníà," ó ní, "wá yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Injiníà tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ nǹkan díẹ̀. Kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Orúkọ ọ̀gá pòórá, "Kọ̀" pòórá, ìbéèrè ìyá ọmọ náà padà sáàárín àwọn tí a ò tíì dá lóhùn, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí.

Mo wo Àǹtí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò tíì rí ìbínú lójú rẹ̀, ìbànújẹ́ nìkan ni mo ń rí. Ó ti wá dé.

Ó ní, "Ó ṣeé yọ?"

Ọ̀gá na ọwọ́ sí lẹ́tà náà.

"Mo ní ṣé ó ṣeé yọ. Òru mẹ́ta ni mi ò fi sùn. Mo ń bi ara mi bóyá orí mi ti dàrú. Ẹ gbé ìwé wá kí n fọwọ́ sí i pé ẹni burúkú ni mí. Tiyín ò tó ìṣẹ́jú kan lórí ibẹ̀."

Ọ̀gá ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, a máa yọ tiyín náà. Gbogbo igba ó lé mẹ́tàlá. Injiníà á yọ ọ́ nísinsìnyí, á sì dà bí pé kò ṣẹlẹ̀." Ó ti ń ká lẹ́tà náà, ó fẹ́ kì í bọ àpò.

"Ẹ má yọ tèmi." Àǹtí gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, ó kó o sórí tábìlì. "Ó ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn kọ̀wé sí wa, wọn ò rí ẹni kà á. Ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó fà á sábẹ́ rẹ̀. Màá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi àti àbúrò mi. Injiníà, dá ti ọ̀gá padà síbi tó wà."

Injiníà wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo ilẹ̀. Injiníà tún na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó sì dá a padà.

Pẹ̀lú ti ọ̀gá, ó di igba ó lé mẹ́rìnlá. Àǹtí fa gíláàsì ojú rẹ̀ jáde láti inú báàgì, ó nù ún, ó fi sójú. Lẹ́yìn náà ó dúró ti àga rẹ̀ títí ọ̀gá fi dìde kúrò lórí rẹ̀.